Àmì Ìfàyọ Kò Lè Pa Fáìlì Tó Ń Jẹ́ -f Rẹ́

Bí fáìlì kan bá kọ̀ tí kò parẹ́ lórí Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows), ìmọ̀ràn tí àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà l'Ádó-Èkìtì máa ń fún ara wọn ni pé kéèyàn fi àmì ìfàyọ ká orúkọ rẹ̀ mọ́. Wọ́n gbà pé kò sí orúkọ wúruwùru tí ìyẹn ò ràn. Ní ti àlàfo, òótọ́ ni. rm ni àṣẹ tó ń pa fáìlì rẹ́: `rm owó iṣu.txt` yóò máa wá fáìlì méjì, `rm "owó iṣu.txt"` yóò sì pa ẹyọ kan tẹ́ ẹ ní lọ́kàn rẹ́.

Bí fáìlì kan bá wá ń jẹ́ -f, ẹ dán `rm "-f"` wò. Kò ní ké, kò ní fọhùn, fáìlì yóò sì wà níbẹ̀ digbí. Ibẹ̀ lẹ ó ti gbọ́ pé fáírọ́ọ̀sì ni. Fáírọ́ọ̀sì kọ́. Shell, ìyẹn ètò tó ń gba àṣẹ wa, ló kọ́kọ́ ń ka ohun tá a tẹ̀, ó sì ń bọ́ àmì ìfàyọ kúrò kó tó fa iṣẹ́ lé rm lọ́wọ́. Bí ewé ara ẹ̀kọ ni: ọwọ́ ti tú u kí ẹ̀kọ tó dẹ́nu. -f lásán ni rm rí, ohun tó bá sì fi dáàṣì bẹ̀rẹ̀, àṣẹ ni rm kà á sí. Ẹ pàṣẹ pé kó má béèrè nǹkan kan, ẹ ò sì dárúkọ fáìlì kankan. Ó dákẹ́ ni. Backslash (\) náà ò yàtọ̀.

Ẹ kọ `rm ./-f`; ./ túmọ̀ sí inú fódà tẹ́ ẹ wà yìí. Orúkọ ò fi dáàṣì bẹ̀rẹ̀ mọ́, ó parí. `rm -- -f` náà ń ṣiṣẹ́, torí -- ń sọ pé orúkọ fáìlì ló kù, àmọ́ ./ ló wù mí jù, torí kì í ṣe gbogbo ètò ló mọ --. Ẹni tó bá tẹ `rm *` nínú fódà tí fáìlì kan ti ń jẹ́ -rf, àwọn fódà inú rẹ̀ náà á bá a lọ láìbéèrè.

Ti fáìlì tó ń jẹ́ ~ yàtọ̀. Shell fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di fódà ilé yín, nítorí náà àmì ìfàyọ wúlò níbẹ̀. `rm -r ~` láìsí i? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Èyí tó kàn wá gan-an ni àmì ohùn. Fáìlì méjì lè máa jẹ́ Èkìtì nínú fódà kan ṣoṣo: lẹ́tà àti àmì lẹ̀ pọ̀ nínú ọ̀kan, báìtì 8, wọ́n dá dúró lọ́tọ̀ nínú ìkejì, báìtì 11. Ojú ò lè dá wọn mọ̀, báìtì sì ni Linux ń kà. Ẹ lè tẹ orúkọ náà bó ṣe yẹ, kí wọ́n ní kò sí fáìlì bẹ́ẹ̀. Ẹ tẹ `ls -i`, ẹ mú nọ́ńbà tó wà níwájú rẹ̀, kẹ́ ẹ fi rọ́pò N níbí: `find . -inum N -exec rm -i {} \;`. Yóò bi yín kó tó pa á; ẹ tẹ y.