Ṣé lóòótọ́ ni Coca-Cola ń ṣe fóònù? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí fóònù tó wọ aṣọ ẹbí

Àwòrán fóònù kan tún ti ń lọ láti gúrúùpù dé gúrúùpù lórí WhatsApp. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, ó tún pupa, wọ́n sì kọ Coca-Cola sí i gàdàgbà débi pé lẹ́tà náà kò gbà tán lórí rẹ̀. Ẹnì kan ní ilé-iṣẹ́ ẹlẹ́rìndòdò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta fóònù. Ẹnì kejì ní ayédèrú ni. Ẹnì kẹta béèrè bóyá inú fíríìjì la ó ti máa fún un ní iná. Ẹ jẹ́ ká dá gbogbo wọn lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣé Coca-Cola ló ṣe é?

Rárá. Realme tó jẹ́ ilé-iṣẹ́ fóònù ní Ṣáínà ló ṣe é. Orúkọ ni Coca-Cola yá wọn.

Ayédèrú wá kọ́?

Ayédèrú kọ́, kò sì jẹ́ tuntun mọ́. Ní oṣù Kìíní 2023 ni ahesọ gbòde pé Coca-Cola fẹ́ gbé fóònù jáde. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dàrú mọ́ àwọn èèyàn lójú. Nígbà tó di ọjọ́ 10 oṣù Kejì, Realme gbé e jáde ní Íńdíà, wọ́n pè é ní Realme 10 Pro Coca-Cola Edition. Ẹni tó ń fi àwòrán náà ránṣẹ́ lónìí bí ẹni pé àná ni wọ́n yà á ló ń da yín láàmú.

Kí ló wà nínú rẹ̀ tí kò sí nínú Realme 10 Pro lásán?

Ohùn, àwọ̀, àti páálí. Ẹ̀rọ tó ń gbé e ṣiṣẹ́, Snapdragon 695, kò yàtọ̀. Kámẹ́rà 108 megapixel kan náà ni, bátìrì 5,000 mAh kan náà ni. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò, ìró ìgò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìdérí rẹ̀ lẹ máa gbọ́. Tí àtẹ̀jíṣẹ́ bá wọlé, á dún bí ìgbà tí ẹlẹ́rìndòdò ń hó nínú ife. Kámẹ́rà rẹ̀ lè sọ fọ́tò òní di bí èyí tí wọ́n yà ní àwọn ọdún 1980. Sítíkà wà nínú páálí, ọmọláńgidi ológbò kékeré kan náà sì wà níbẹ̀, ìyẹn ológbò tí Realme fi ń ṣe àmì. Àgbàlagbà lè rẹ́rìn-ín o, àmọ́ ológbò yẹn làwọn kan tìtorí ẹ̀ ra fóònù.

Owó rẹ̀ wá ńkọ́? Ní Íńdíà, Realme 10 Pro oní-8GB bẹ̀rẹ̀ ní 19,999 rúpì ní oṣù Kejìlá 2022. Èyí tó wọ aṣọ Kóòkù jẹ́ 20,999. Ẹgbẹ̀rún rúpì kan lowó aṣọ.

Ẹni tó bá ti ra aṣọ ẹbí rí ti mọ bọ́rọ̀ yìí ṣe ń rí. Léèsì ọ̀hún wà lọ́jà Balógun, ẹ mọ iye tí wọ́n ń tà á níbẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé àwọn olóde ti gbé nǹkan lé e. Ẹ ṣì sanwó. Kì í ṣe pé ẹ ò mọ ìṣirò. Ẹ fẹ́ kí wọ́n kà yín mọ́ àwọn tó wọ̀ ọ́, kí gèlè yín sì bá ti àwọn tó wà ní tábìlì yín mu. Bẹ́ẹ̀ náà lẹni tó ra fóònù tó wọ aṣọ fíìmù Star Wars tàbí ti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀. Àyè lórí tábìlì ló sanwó fún. Mi ò bá a jà. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kó rò pé léèsì tiẹ̀ ló nípọn jù.

Kí ni ilé-iṣẹ́ fóònù ń rí nínú ẹ̀?

Ẹ to fóònù mẹ́wàá tí owó wọn ò jìnnà síra sórí tábìlì, kí ẹ gbé ojú wọn sókè, kí ẹ sì bo orúkọ wọn. Ó dájú pé ẹ ò ní dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Ọ̀dọ̀ Qualcomm tàbí MediaTek ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń ra ẹ̀rọ inú, ọ̀dọ̀ Sony tàbí Samsung sì lójú kámẹ́rà wọn ti ń wá. Kí wá ni wọ́n fẹ́ máa pariwo lọ́jà? Pé bátìrì wọn ń pẹ́? Gbogbo wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ tí wọ́n bá kọ Kóòkù sí i lẹ́yìn, ìwé ìròyìn tí kì bá tí kọ ìlà kan nípa wọn á gbé e. Ẹ̀yin náà á fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù ẹbí. Ìpolówó tí wọn ò san kọ́bọ̀ lé lórí nìyẹn, dátà wa la sì fi ń bá wọn ṣe é.

Ohun mìíràn tún ni pé fóònù tètè máa ń di ọjà àná. Ní Ṣáínà, oṣù Kọkànlá 2022 ni Realme 10 Pro ti jáde. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ariwo ti lọ sílẹ̀. Aṣọ tuntun ló jí i dìde. Samsung ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí: oṣù Kẹrin 2015 ni Galaxy S6 edge bọ́ sọ́jà, nígbà tó fi máa di ìparí oṣù Karùn-ún, wọ́n ti gbé èyí tó pupa tó sì ní wúrà lára jáde ní Kòríà, wọ́n ní ti Iron Man, akọni inú fíìmù, ni. Owó kékeré ni irú iṣẹ́ yìí ń ná wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù tuntun, torí wọn ò fọwọ́ kan ọkàn rẹ̀. Wọ́n kun ẹ̀yìn, wọ́n yí ohùn àti àwòrán ojú sikirín padà, wọ́n tẹ páálí mìíràn.

Ta ló ń sanwó fún ta?

Ẹni tó fẹ́ lo orúkọ ló sábà máa ń sanwó fún ẹni tó lórúkọ: ó lè jẹ́ iye kan pàtó, ó sì lè jẹ́ ìdá kan lórí fóònù kọ̀ọ̀kan tó bá tà. Nígbà mìíràn, wọ́n á jọ polówó ara wọn ni.

Ṣé orúkọ ẹlòmíì kò lè kó bá wọn?

Ó lè kó bá wọn dáadáa. Ní oṣù Kọkànlá 2020, OnePlus gbé 8T tó wọ aṣọ Cyberpunk 2077 jáde ní Ṣáínà. Géèmù ni Cyberpunk, gbogbo ayé ń retí rẹ̀, wọn ò sì tíì gbé e jáde nígbà náà. Fóònù ti dọ́wọ́ àwọn tó rà á kí géèmù tó dé ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá. Bó ṣe dé, àbùkù ló kún inú rẹ̀. Kò tó ọjọ́ mẹ́wàá tí Sony fi yọ ọ́ kúrò lórí àtẹ PlayStation. Wọ́n padà tún géèmù náà ṣe. Ẹ̀yìn fóònù kò ṣeé tún kọ.

Wọ́n ní ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n ń ṣe nínú irú fóònù bẹ́ẹ̀. Mélòó gan-an ni?

Iye tó bá wù wọ́n. Ọ̀pọ̀ wọn kì í sọ ọ́.

Ṣé kò wá sí èyí tínú rẹ̀ yàtọ̀ rárá ni?

Ó wà. OnePlus 6T McLaren ti 2018 ní 10GB RAM, ṣájà rẹ̀ sì yá ju ti OnePlus 6T lásán lọ. Owó yẹn ra nǹkan. Èyí tí wọ́n di nǹkan mọ́ náà wà. Ní 2019, Galaxy Note 10+ jẹ́ $1,099.99 ní Amẹ́ríkà. Èyí tó wọ aṣọ Star Wars jẹ́ $1,299.99, ṣùgbọ́n Galaxy Buds wà nínú páálí rẹ̀, ìyẹn ohun àfetígbọ́ tí wọ́n ń tà ní $129.99 nígbà náà. Tí ẹ bá yọ ìyẹn kúrò, bí $70 ló kù fún kálàmù pupa, pọ́ọ̀ṣì, báàjì onírin àti àwọ̀. Irú ìṣirò tó yẹ kí ẹ máa ṣe nìyẹn kí ẹ tó fọwọ́ kan káàdì yín: ẹ yọ ohun tí ẹ lè rà lọ́tọ̀, kí ẹ wo iye tó kù.

Ṣé irú ẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ wa?

Ó ti pẹ́. Tecno ta Camon CX tó ní àmì Manchester City lẹ́yìn ní 2017, nígbà tí òun àti ẹgbẹ́ náà jọ ń ṣe. Ní 2024, Spark 30 wọn wọ aṣọ fíìmù Transformers.

Tí mo bá rà á pamọ́, ṣé owó ẹ̀ máa gòkè?

Ẹ má gbọ́kàn lé e. Ìtàn tí àwọn oníṣòwò máa ń sọ ni ti fóònù Iron Man kan tó ní nọ́ńbà 66 lára. Àwọn ará Ṣáínà ka 66 sí nọ́ńbà oríire, ìròyìn sì gbé e ní 2015 pé ẹnì kan fi iye tó lé ní 560,000 yuan du ú níbi tí wọ́n ti ń ta á ní gbàǹjo. Ìyẹn ju $90,000 lọ. Nọ́ńbà oríire ni wọ́n ń rà níbẹ̀. Ẹ̀rọ inú rẹ̀ kò bọ́ nínú ọjọ́ ogbó: Android 7 ni Samsung bá Galaxy S6 edge dé tó fi já a jù sílẹ̀, bátìrì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ ń kú lọ díẹ̀díẹ̀ bóyá ẹ lò ó tàbí ẹ kò lò ó. Kì í ṣe ilẹ̀ tí owó rẹ̀ ń gòkè.

Tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá fọ́ ńkọ́?

Ibí gan-an ni owó aṣọ ti ń ṣòfò. Ẹ gbé e lọ sí Computer Village n'Íkẹjà. Ọmọkùnrin tó jókòó sídìí tábìlì kékeré, tó so iná mọ́rí, á fi afẹ́fẹ́ gbígbóná ṣí i, á yẹ̀ ẹ́ wò, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, dúdú nìkan ló wà o." Sikirín kò ṣòro, torí ti fóònù lásán ló ń lò. Ẹ̀yìn ni wọn kì í kó wá. Ẹ ra pọ́ọ̀ṣì sí i lọ́jọ́ tí ẹ rà á. Mo mọ̀ pé pọ́ọ̀ṣì á bo àwòrán tí ẹ sanwó fún. Ẹ ra èyí tó mọ́ gaara.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n pààrọ̀?

Pàápàá tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ wọ sẹ́tíǹgì, kí ẹ wo orúkọ tó wà ní About phone. Ẹ wá ohùn àti àwòrán àkànṣe rẹ̀ nínú fóònù fúnra rẹ̀. Ẹni tó lẹ ẹ̀yìn mọ́ fóònù kì í sábà rántí ìyẹn. Ẹ tẹ *#06#, kí ẹ fi nọ́ńbà tó bá jáde wé ti ara páálí. Tí ẹni tó ń tà á bá ní páálí ti sọ nù, ẹ ní kó yọ owó aṣọ kúrò.

Àbúrò mi tó wà ní Ṣáínà fẹ́ bá mi ra ọ̀kan.

Kó kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n ń tà á níta Ṣáínà. Èyí tí wọ́n ṣe fún Ṣáínà nìkan kì í sábà ní Play Store nínú, ó lè má gba gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa dáadáa, ẹni tó máa bá yín ṣe wáráńtì rẹ̀ ńbí náà á ṣòro rí.

Wọ́n fi ìlìǹkì ránṣẹ́ sí mi pé Coca-Cola ń pín fóònù yẹn lọ́fẹ̀ẹ́.

Olè ni. Kò sí iléeṣẹ́ tó máa ní kí ẹ fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù márùn-ún kí ẹ tó gba ẹ̀bùn, kó tún wá béèrè nọ́ńbà káàdì ATM torí "owó ìfiránṣẹ́".

Mo ti tẹ̀ ẹ́ ńkọ́?

Tó bá jẹ́ pé ẹ kàn ṣí i tí ẹ sì padà, ẹ pa á dé. Tó bá ní kí ẹ fi áàpù kan sórí fóònù, tí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ yọ ọ́ báyìí. Tí ẹ bá ti fún wọn ní nọ́ńbà káàdì, PIN tàbí kóòdù tí báńkì fi ránṣẹ́, ẹ má ka ìyókù ìwé yìí: ẹ pe báńkì yín lórí nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì, kí wọ́n ti káàdì náà pa. Lẹ́yìn náà, ẹ padà sí gbogbo gúrúùpù tí ẹ fi ránṣẹ́ sí, kí ẹ pa á rẹ́, kí ẹ sì sọ fún wọn pé irọ́ ni. Ẹ má sì fi ìlìǹkì náà ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá yín wò ó.