Bí Àjọ Odò Ògùn òun Ọ̀ṣun Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ní ọjọ́ 3 oṣù Èrèlè 1976, ìjọba ológun Murtala Muhammed pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta: Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Ilẹ̀ ṣe é pín. Odò Ògùn ni kò ṣe é pín, torí ìhà Ṣakí ló ti sun, ó la ilẹ̀ Ọ̀yọ́ kọjá wá sí Abẹ́òkúta, kó tó já sí ọ̀sà l'Ékòó. Kò pé oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 15 oṣù Òkúdu, ìjọba yìí kan náà gbé Decree 25 jáde. Wọ́n ti pa Murtala nígbà yẹn, Ọbásanjọ́ ló wà lórí àlééfà. Òfin yẹn ló sọ àwọn àjọ odò di 11 káàkiri Nàìjíríà. Tiwa nínú wọn ni Ogun-Osun River Basin Development Authority, Abẹ́òkúta sì ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà.

Ṣáájú ìgbà náà, ìlú kálukú ló ń wá omi tirẹ̀. Èkó ní ilé iṣẹ́ omi Ìjù láti 1915. Ìbàdàn sé odò Ọnà ní Ẹlẹ́yẹlé ní 1942. Nígbà tí ìyẹn kò tó wọn mu mọ́, wọ́n lọ sé odò Ọ̀ṣun ní Asẹ́jíre ní 1972. Ẹni tó wà lókè odò kò bi ẹni tó wà nísàlẹ̀ pé ó kù bí omi ṣe kù. Èrò kò tíì pọ̀, nǹkan sì ń lọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀dá ló yí ìjọba lọ́kàn padà, kì í sì í ṣe ní ilẹ̀ Yorùbá ni ọ̀dá ti bẹ̀rẹ̀. Òkè Ọya ni òjò ti kọ̀ láti rọ̀ lẹ́yìn 1970, tí oko gbẹ tí màlúù sì ń kú. Ní 1973 wọ́n dá àjọ méjì sílẹ̀, ọ̀kan fún odò Sókótó àti Rima, ìkejì fún Adágún Chad. Àwòkọ́ṣe tó wà nílẹ̀ ni Tennessee Valley Authority ti Amẹ́ríkà, tí Ààrẹ Roosevelt dá sílẹ̀ ní 1933 fún odò kan tí ilẹ̀ rẹ̀ kan ìpínlẹ̀ 7. Ohun tí wọ́n rí kọ́ níbẹ̀ ni pé gbogbo ilẹ̀ tí àgbàrá rẹ̀ ń ṣàn wọ odò kan ni kí a ṣètò fún lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnu ibodè yòówù kó wà láàárín rẹ̀.

Iṣẹ́ tí òfin gbé lé àjọ lọ́wọ́ pọ̀: kó sé odò, kó gbẹ́ kànga, kó fa omi wọ oko, kó dènà omíyalé àti ọ̀gbàrá tó ń jẹ ilẹ̀, kó sì máa ta omi tó bá kó pamọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ rà á. Nígbà tí wọ́n tún òfin náà kọ ní 1986, wọ́n fi kún un pé kí àjọ ní ìwé ètò kan fún gbogbo omi agbègbè rẹ̀, kó máa ka omi tó ń wọlé àti èyí tí à ń lò, kó má sì jẹ́ kí ìwé náà gbó. Lójú tiwa, gbólóhùn yìí ló wúlò jù nínú òfin yẹn. Òun náà ni kò ní ìkọ́lé tí olóṣèlú lè wá gé tẹ́ẹ́pù sí.

Ìkọ́lé tó gbajúmọ̀ jù ni ìsédò Ọ̀yán, nǹkan bíi kìlómítà 20 sí Abẹ́òkúta, lórí odò Ọ̀yán tó ń ṣàn wọ odò Ògùn. Ààrẹ Shehu Shagari ló ṣí i ní oṣù Ẹrẹ́nà 1983. Ògiri rẹ̀ ga ní mítà 30.4, ó gùn ní mítà 1,044, ó sì lè gba omi tó tó lítà bílíọ̀nù 270. Iṣẹ́ mẹ́ta ni wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ ọ: omi fún Abẹ́òkúta àti Èkó, omi fún oko hẹ́kítà 3,000 nísàlẹ̀ odò, àti iná mànàmáná. Ẹ̀rọ amúnáwá mẹ́ta, mẹ́gáwáàtì 3 lọ́kọ̀ọ̀kan, wọlé ní 1983. Títí di 2007, kò sí èyí tí wọ́n tíì lò nínú wọn.

Ibi tí wàhálà wà ni pé iṣẹ́ méjì tí ìsédò ń ṣe ń bá ara wọn jà. Ẹni tó fẹ́ omi mu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn fẹ́ kí adágún kún dẹ́nu bí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tó ń bẹ̀rù omíyalé fẹ́ kí àyè ṣófo nínú rẹ̀ títí òjò oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ àti Ọ̀wàrà yóò fi rọ̀ tán. Ọ̀nà tó tọ́ ni kí wọ́n ti máa tú omi jáde díẹ̀díẹ̀ láti oṣù Òkúdu, kí wọ́n wo bí òjò ṣe ń rọ̀ lókè, kí wọ́n wá jẹ́ kó kún ní ìgbẹ̀yìn. Ẹni tó bá ṣe ojo tó fi omi pamọ́ jù, tí òjò ńlá wá bá a níbi tí adágún ti kún, kò ní ọ̀nà míì ju kó ṣí ilẹ̀kùn gbàgà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: bí lítà 100,000 bá ń jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, tí omi tuntun kò sì wọlé, yóò gbà tó oṣù kan kí omi inú adágún tó ti kún dẹ́nu tó gbẹ tán. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi lè sọ ọ́ di òfìfo láàárín ọ̀sẹ̀ kan nítorí pé òjò ń bọ̀.

Omi tó bá jáde á gba Abẹ́òkúta kọjá lọ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Ìṣẹrì, Ajégúnlẹ̀ lọ́nà Ìkòròdú àti Mile 12. Bí òkun bá kún lásìkò náà, ọ̀sà kì í lè gbà á, omi á padà sẹ́yìn, á sì wọlé onílé. Bó ṣe rí ní oṣù Ọ̀wàrà 2010 nìyẹn.

Ìjọba méjì ló sì lọ́wọ́ nínú ọ̀ràn yìí. Ìjọba àpapọ̀ ló ni ìsédò. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni ilé iṣẹ́ omi, bíi Ìjù àti Àdìyán tí omi odò Ògùn ń lọ bá láti Akútè. Ìpínlẹ̀ náà ló tún ń fọwọ́ sí ìwé ilé kíkọ́ ní àbàtà ẹ̀bá odò. Àjọ lè mọ̀ pé omi ń bọ̀. Kò lè wó ilé kan ṣoṣo tó dí i lọ́nà.

Ohun mìíràn tún wà tí ìsédò Ọ̀yán mú wá. Adágún tó dúró sójú kan fàyè gba ìgbín omi tó ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá, àrùn náà sì ràn láàárín àwọn ọmọ abúlé tí wọ́n tún tẹ̀ dó sí etí Ọ̀yán.

Ní 1984 omi tuntun rú, ẹja tuntun wọ̀ ọ́. Ìjọba Buhari sọ àjọ 11 di 18, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìpínlẹ̀ kan, àjọ kan, ni wọ́n bá tún gé odò bí wọ́n ṣe gé ilẹ̀. Ọdún méjì péré ni ìyẹn lò. Ìjọba Babangida dá a padà sí 11 ní 1986, wọ́n sì ní kí àjọ jáwọ́ nínú oko dídá, kó gbájú mọ́ omi. Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun jáde lára Ọ̀yọ́ ní 1991, ẹnikẹ́ni kò tún dá àjọ odò tuntun sílẹ̀ fún un. Ìpínlẹ̀ mẹ́rin ló wà lábẹ́ Àjọ Odò Ògùn òun Ọ̀ṣun báyìí: Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Ògùn àti Èkó.