Bí Pulọ́ọ̀tì Ìkọ̀sílẹ̀ Ṣe Ń Di Igbó ní Yábàá

Ní Yábàá tàbí Ẹbútẹ́ Mẹ́ta, pulọ́ọ̀tì tí ẹjọ́ ká mọ́ kì í ṣòroó mọ̀. Wọ́n á ti kọ ọ́ sára ògiri rẹ̀ pé "Ilẹ̀ yìí kì í ṣe títà", ilé àtijọ́ inú rẹ̀ á ti wó, ẹnikẹ́ni kì í sì í wọ ibẹ̀. Pàǹtí lásán ni ojú ẹni tó ń kọjá máa rí. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ń lọ nínú ahoro náà, iṣẹ́ ọ̀hún sì ní ìlànà.

Gbégi ló sábà máa ń kọ́kọ́ yọjú, láti inú sìmẹ́ǹtì tó ti sán. Tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún àti patanmọ́ á tẹ̀ lé e. Oòrùn gan-gan ni gbogbo wọn fẹ́, kóró wọn kéré, wọ́n sì tètè ń so. Patanmọ́ ní iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tó bá fà á tu, tó wo gbòǹgbò rẹ̀ dáadáa, á rí kókó wẹ́wẹ́ lára rẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí ló ń gbé inú kókó yẹn. Wọ́n ń gba náítírójìn inú afẹ́fẹ́, wọ́n ń sọ ọ́ di oúnjẹ ewéko. Bí patanmọ́ bá kú tó jẹrà, oúnjẹ yẹn di ti ilẹ̀.

Bí òjò ọdún kan sí méjì bá ti rọ̀ sí i, ewé Akíntọ́lá á gba ibẹ̀. Àlejò ni: ilẹ̀ olóoru Amẹ́ríkà ló ti ṣẹ̀ wá, àárín irúgbìn igi gmelina tí wọ́n kó wá láti Sri Lanka ní nǹkan bí 1937 ló bá wọ Nàìjíríà. Kóró rẹ̀ ní irun tí atẹ́gùn fi ń gbé e. Àwọn àgbẹ̀ a máa bú u, àwọn kan náà sì ni yóò fún omi rẹ̀ sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Nínú ahoro, ó ń ṣíji bo ilẹ̀ títí gbégi ò fi ní rí oòrùn mọ́. Ewé rẹ̀ ń já bọ́, ó ń jẹrà, ilẹ̀ ń dúdú, ó ń rọ̀, ó sì ń di omi mú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn jù rèé: ewéko tó kọ́kọ́ dé ló ń tún ilẹ̀ ṣe fún èyí tó máa lé e lọ. Ọmọ ewé Akíntọ́lá kì í dàgbà lábẹ́ òjìji. Ìbẹ́pẹ á hù láti inú ìdọ̀tí tí ẹnì kan dà síbẹ̀, àdán á gbé èso dongóyárò wá, wọ́n á ga ju ewé Akíntọ́lá lọ, ó sì parí fún un nìyẹn. Ẹyẹ á su kóró ọdán sórí ògiri bíríkì. Gbòǹgbò rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ bí òwú, á wọ ilẹ̀, á sì nípọn títí yóò fi la ògiri náà sí méjì.

Ó yẹ kí irú igi bí orógbó tẹ̀ lé wọn. Kóró rẹ̀ tóbi, ó gbé oúnjẹ ara rẹ̀ dání, ọmọ rẹ̀ sì lè fara da òjìji. Irú wọn ló ń sọ igbó di ẹgàn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé kóró rẹ̀ dé Yábàá? Ọ̀bọ àti àwọn ẹranko mìíràn tó ń jẹ èso igbó kò sí nínú ìgboro mọ́. Ìdí nìyí tí igbó hẹ́kítà 78 tí wọ́n dá sí ní Lekki, níbi tí ọ̀bọ ṣì wà, fi níye lórí tó bẹ́ẹ̀: ahoro àárín ìlú kò lè bí irú rẹ̀.

Iná náà ń dá iṣẹ́ yìí dúró. Pulọ́ọ̀tì tí wọ́n ń sun lọ́dọọdún nígbà ọyẹ́, èékan ni yóò jọba níbẹ̀, torí abẹ́ ilẹ̀ ni ẹ̀mí rẹ̀ wà, iná kì í dé ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú ọ̀dàn ìhà Ọ̀yọ́ ṣe di ọ̀dàn. Igbó ni tẹ́lẹ̀, iná àti ọkọ́ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Òjò tó ń rọ̀ l'Ékòó ju 1,500 mìlímítà lọ lọ́dún, igbó sì ni irú òjò bẹ́ẹ̀ ń fẹ́.

Etí ọ̀sà yàtọ̀. Omi ibẹ̀ máa ń níyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹrẹ̀ rẹ̀ kò sì gba afẹ́fẹ́ láyè. Igi ẹ̀gbà ló lè gbé e: gbòǹgbò rẹ̀ nàró lórí ẹrẹ̀ bí ẹsẹ̀ akàn, ọmọ rẹ̀ sì ti ń hù lórí ìyá rẹ̀ kó tó já bọ́. Ẹrẹ̀ tí omi bá ń gbé kọjá á há sáàárín gbòǹgbò yẹn, ilẹ̀ á sì máa ga díẹ̀díẹ̀. Níbi tí omi bá ti dùn, ojú oró àti òṣíbàtà ló ń ṣáájú, ògùrọ̀ á wá gba àkùrọ̀ náà nígbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá da yanrìn lé gbogbo rẹ̀ láti fi kọ́lé, òfo ni ìrìn àjò náà ti tún bẹ̀rẹ̀. Yanrìn tí wọ́n fà láti ìsàlẹ̀ ọ̀sà kò ní kóró koríko nínú, kò ní ewé jíjẹrà, òjò tó bá rọ̀ sórí rẹ̀ a sì gba àárín rẹ̀ lọ.