Fíláàṣì kì í ṣe fìlà kámẹ́rà

Bí ẹ bá wo fọ́tò ọjọ́ìbí tí wọ́n yà ní pálọ̀, ẹ ó tètè dá èyí tí fíláàṣì jókòó sórí kámẹ́rà mọ̀. Iwájú orí ọmọ á máa dán bí ìkòkò tí wọ́n fi òróró pa, imú rẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ, òjìji dúdú kan á sì lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíì bá a wá. Kámẹ́rà kọ́ ló ṣe é, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wá ni. Ojú èèyàn ní òkè, ó ní kòtò. Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba ẹ̀gbẹ́ wọlé ló ń fi wọ́n hàn.

Ẹ yọ fíláàṣì náà kúrò, ẹ gbé e sórí sítáàńdì, ẹ fi agbòòrùn funfun sí i. Ìyẹn ò le. Ohun tó ń da àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàmú ni pé fíláàṣì tó ti sọ̀ kalẹ̀ lórí kámẹ́rà kò mọ ìgbà tí ẹ tẹ bọ́tìnì mọ́. Ó di dandan kí nǹkan kan máa jẹ́ iṣẹ́ fún un. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá bi mí léèrè ti ra iná mẹ́ta kí wọ́n tó rántí ìránṣẹ́. Bó bá jẹ́ tèmi, iná kan ni mo máa rà, màá wá ná owó tó kù sórí ìránṣẹ́ tó ṣeé gbọ́kàn lé.

Wáyà ni àgbà nínú wọn. Ẹ ki orí kan bọ kámẹ́rà, ẹ ki èkejì bọ fíláàṣì, ó tán. Kò jẹ bátìrì, kì í sì í gbàgbé iṣẹ́. Àmọ́ ní pálọ̀ tí ọmọ ọdún 3 ti ń sáré kiri, okùn pàkúté ni. Ó ti gbé sítáàńdì mi lulẹ̀ rí, agbòòrùn ya, ìyá ọmọ sì ń bẹ̀ mí títí dalẹ́. Mi ò lò ó mọ́.

Èkejì kò ná ẹ ní kọ́bọ̀. Ọ̀pọ̀ fíláàṣì ní ojú kékeré kan níwájú tó ń ṣọ́ ìmọ́lẹ̀: bó bá ti rí i tí fíláàṣì mìíràn kọ mànà, òun náà á kọ. Fíláàṣì kékeré tó ń yọ lórí kámẹ́rà yín tó fún àmì náà. Ẹ gbé e sí M, ibi tí ẹ ti ń fi ọwọ́ ara yín yan agbára rẹ̀, kí ẹ sì rẹ agbára rẹ̀ sílẹ̀ dé 1/64 tàbí ibi tó bá lè lọ sílẹ̀ dé, kó má baà dá sí fọ́tò. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Tó bá wà ní TTL, ibi tí kámẹ́rà ti ń yan agbára fúnra rẹ̀, kámẹ́rà á kọ́kọ́ tan ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ láti fi wọn yàrá, kó tó tan èyí tó fẹ́ fi ya fọ́tò. Ojú wa ò lè pín méjèèjì níyà, àmọ́ ojú fíláàṣì tó ń ṣọ́ lè ṣe é. Ìmọ́lẹ̀ ìkínní ló máa dá lóhùn, nígbà tí ṣọ́tà, ìyẹn ìlẹ̀kùn inú kámẹ́rà, bá máa fi ṣí, tirẹ̀ ti tán. Ẹ ó fi ojú yín rí i pé ó tàn, fọ́tò á sì dúdú. Àwọn kan ti gbé fíláàṣì tí nǹkan kan ò ṣe padà lọ bá ẹni tó tà á fún wọn nítorí èyí. Lórí fíláàṣì Godox àti àwọn míì bẹ́ẹ̀, S1 ló ń dáhùn ìkínní, S2 ló ń fò ó. Bí ti kámẹ́rà bá wà ní M, ẹ fi sí S1; bó bá wà ní TTL, ẹ fi sí S2, ìjà parí. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé e lọ sóde ìgbéyàwó o: gbogbo onífọ́tò tó bá tẹ tirẹ̀ ni yóò máa bá yín tan tiyín.

Rédíò ni mo ń lò. Tírígà kan, ìyẹn ìránṣẹ́ onírédíò, á jókòó sórí kámẹ́rà, ìkejì á wà lábẹ́ fíláàṣì. Àwọn fíláàṣì bíi Godox TT600 ti ní tiwọn nínú. Ìgbì 2.4 GHz ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, ọ̀kan náà tí Wi-Fi ń lò, nítorí náà agbòòrùn tàbí àga kò dí wọn lọ́wọ́. Ṣánẹ́ẹ̀lì àti gúrúùpù ló máa ń dàrú mọ́ èèyàn lójú. Ẹ gbà pé ṣánẹ́ẹ̀lì ni agboolé, gúrúùpù sì ni orúkọ tí à ń pe ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀. Tírígà àti fíláàṣì gbọ́dọ̀ wà ní agboolé kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn ò ní gbọ́ra. Iná ojú ni mo ń pè ní A, ti aṣọ ẹ̀yìn ni B; mo sì lè dúró ti kámẹ́rà kí n rẹ B sílẹ̀ láìgun àpótí.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo ibi tí wọ́n ń ki fíláàṣì bọ̀ lórí kámẹ́rà yín. Tírígà Canon yàtọ̀ sí ti Nikon, ti Sony tún yàtọ̀. Irin róbótó kan sì sábà máa ń wà láàárín ibẹ̀, òun ló ń jíṣẹ́ fún tírígà olówó pọ́ọ́kú. Canon 4000D àti 250D kò ní irin náà. Ẹni tó bá ra tírígà lásán fún wọn, ó fi owó rẹ̀ ṣòfò ni.

Ẹ̀yin tí ẹ jogún fíláàṣì lọ́wọ́ bàbá onífọ́tò, ẹ rọra. Àwọn àtijọ́ kan ń gbé iná tó ju 200 fólítì lọ sí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ wọn, àwọn kámẹ́rà òde òní kan ò sì lè gbà á mọ́ra. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tún rédíò ṣe fi mítà wọ̀n ọ́n kó tó kan kámẹ́rà tàbí tírígà.

Ó ku ti ìlà dúdú tó máa ń bo ẹ̀gbẹ́ fọ́tò nígbà míì. Aṣọ ìkélé méjì ni ṣọ́tà, wọ́n wà níwájú sẹ́ńsọ̀, ojú tí kámẹ́rà fi ń gba àwòrán: ìkínní á ṣí, èkejì á tẹ̀lé e láti tì í. Ní 1/160 ìṣẹ́jú àáyá, àyè wà tí ìkínní ti lọ pátápátá tí èkejì ò tíì gbéra, gbogbo sẹ́ńsọ̀ ṣí gbalasa. Ìgbà yẹn ni fíláàṣì gbọ́dọ̀ tàn. Ní 1/500, èkejì ti gbéra kí ìkínní tó dé ibi tó ń lọ, ihò tóóró ló ń kọjá láàárín wọn. Inú ihò yẹn nìkan ni fíláàṣì á tàn sí, ìyókù á dúdú bí ẹni pé wọ́n fa ọ̀dà sí ẹ̀gbẹ́ fọ́tò. 1/200 tàbí 1/250 ni ààlà lórí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà. Mi ò kì í kọjá 1/160, torí tírígà olówó pọ́ọ́kú máa ń falẹ̀ díẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù pé ọmọ tó ń mira á rí bàìbàì: fíláàṣì fúnra rẹ̀ yára ju ṣọ́tà lọ.

Bí mo ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyí: ISO 100 (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí), f/8 (bí ihò lẹ́ńsì ṣe fẹ̀ tó), ṣọ́tà ní 1/160, fíláàṣì ní 1/4 agbára rẹ̀, mítà kan àtààbọ̀ sí ojú ọmọ. Mo ń kọ́kọ́ ya ọ̀kan pẹ̀lú fíláàṣì ní pípa. Tó bá dúdú kirikiri, ó dára, gílóòbù pálọ̀ ò ní ìpín nínú ọ̀rọ̀ wa. Bí mo bá sún iná sẹ́yìn dé ìlọ́po méjì ibi tó wà, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ péré ni yóò kù, ìyẹn ni mo fi ń tẹ agbára rẹ̀ sókè. Ẹ tún rí i pé kámẹ́rà yín ò sí ní ṣọ́tà aláìníròó, torí lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn fíláàṣì kì í tàn níbẹ̀.

Kí oníbàárà tó wọlé, mo ń tẹ̀ ẹ́ nígbà mẹ́wàá. Bó bá tàn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, mo pe ìyá ọmọ. Bó bá fo ẹyọ kan, bátìrì inú tírígà ni mo kọ́kọ́ ń pààrọ̀, kì í ṣe ti fíláàṣì.