Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀tọ́ àkàndá ẹ̀dá àti owó ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́

Bí ẹ̀rọ ìgéwèé bá gé ìka méjì lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú, ojú kan ni gbogbo àdúgbò máa fi wò ó: ó ti di aláàbọ̀ ara, ó yẹ kí ìjọba ràn án lọ́wọ́. Òfin kò wò ó bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè gbà, ìbéèrè tó wà lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan kò sì jọra, ìdí nìyẹn tí ẹni tí wọ́n gbà wọlé níbì kan fi lè dé ibòmíràn kí wọ́n dá a padà.

Ọ̀nà kìíní ni òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́, tí wọ́n ṣe ní ọdún 2010, tí NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń tọ́jú àpò owó náà, ń bójú tó. Ibi tí ìpalára ti wá ni wọ́n ń béèrè níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹnu iṣẹ́ ló ti ṣẹlẹ̀, tàbí tó jẹ́ àrùn tí iṣẹ́ náà fà, ọ̀rọ̀ di tiwọn. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó lọ́jọ́ ìsinmi, egungun rẹ̀ ìbáà fọ́, kò kàn wọ́n. Ìrìn láti ilé dé ibi iṣẹ́ wà lábẹ́ òfin yìí, nítorí náà ẹni tí ó fara pa nínú dáńfó lórí Third Mainland Bridge nígbà tó ń lọ sí ibi iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. Orúkọ náà, gbà-má-bínú, ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà díẹ̀, àfi bí ẹni pé ọ̀gá ló ń ṣàánú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ kò ní láti fi hàn pé ẹnikẹ́ni jẹ̀bi, agbanisíṣẹ́ ló sì ń san 1% àpapọ̀ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí àpò náà, láìgbọdọ̀ yọ ọ́ nínú owó wọn.

Ìwọ̀n ìpalára ló ń sọ iye tí wọ́n máa san. Ẹni tí ìpalára sọ di aláìlè-ṣiṣẹ́ pátápátá títí ayé ń gba 90% owó iṣẹ́ rẹ̀. Ìka méjì kò tó bẹ́ẹ̀, àtẹ kan wà lẹ́yìn òfin náà tó sọ ìdá tí ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan jẹ́ nínú ọgọ́rùn-ún. Ọjọ́ 14 ni òṣìṣẹ́ ní láti fi tó agbanisíṣẹ́ létí, ní èdè tó yé ènìyàn: orúkọ, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, àkókò, àti bó ṣe ṣẹlẹ̀. "Ẹ̀rọ gé mi níka ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, mò ń to ìwé sábẹ́ rẹ̀" ti tó. Agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ 7 láti sọ fún NSITF, ọdún kan sì ni wọ́n fún ẹni tó fẹ́ béèrè owó náà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù rẹ̀ ni ọjọ́ àkọ́kọ́: ọ̀gá sanwó ọsibítù, òṣìṣẹ́ ní ẹ ṣé sà, kò sí ẹni tó kọ ohunkóhun sílẹ̀.

Ọ̀nà kejì wà nínú òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014, kò sì sí ẹni tó ń béèrè ibi tí àìsàn ti wá níbẹ̀. Ká ní ojú akáwó báńkì kan ní Marina ń kú lọ díẹ̀díẹ̀ títí tí kò fi lè rí òǹkà mọ́. Ohun tí dókítà tàbí ìgbìmọ̀ oníṣègùn máa dáhùn ni pé ṣé ara tàbí ọpọlọ rẹ̀ ṣì lè ṣe iṣẹ́ ipò tó wà. Bí kò bá lè ṣe é mọ́, ó lè fẹ̀yìn tì kó sì fọwọ́ kan owó rẹ̀ kó tó pé ẹni 50 ọdún. Ṣùgbọ́n owó ara rẹ̀ ni: 8% owó oṣù rẹ̀ tí òun fi sílẹ̀ àti 10% tí agbanisíṣẹ́ fi kún un. Ẹni tó ṣiṣẹ́ ọdún méjì péré kò lè rí púpọ̀, bó ti wù kí àìsàn náà le tó.

Ọ̀nà kẹta ni ti àkàndá ẹ̀dá. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tiwọn ní ọdún 2011, èyí tó dá LASODA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àkàndá ẹ̀dá ní Èkó, sílẹ̀. Ti ìjọba àpapọ̀ di òfin ní oṣù kìíní ọdún 2019. Bí àléébù náà yóò ṣe pẹ́ tó, àti ohun tí kò jẹ́ kí ènìyàn lè ṣe, bíi ríríran, gbígbọ́ràn, gígun àtẹ̀gùn tàbí dídi nǹkan mú, ni òfin ti ìjọba àpapọ̀ ń wò. Télọ̀ tí rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ti mú lẹ́sẹ̀ láti kékeré, tó sì ń ránṣọ ní Yábàá lójoojúmọ́, kún ojú ìwọ̀n dáadáa; iṣẹ́ tó ń ṣe kò ba ẹ̀tọ́ rẹ̀ jẹ́. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán tí yóò sì jinná láàárín oṣù méjì kò sí lára wọn, ìsinmi àìsàn ni tirẹ̀, ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún pẹ̀lú owó, lábẹ́ òfin iṣẹ́. Owó oṣù kọ́ ni òfin àkàndá ẹ̀dá sì ń pín. Ohun tó fún wọn ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀, pé ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò gbọ́dọ̀ ṣeé wọ̀ fún wọn, àti pé, bó bá ti ṣeé ṣe tó, ó kéré tán 5% òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ jẹ́ ara wọn.

Nítorí náà, òṣìṣẹ́ Ṣómólú yẹn lè gba owó ìka rẹ̀ lọ́wọ́ NSITF, kí PFA rẹ̀, iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, má sì fún un ní kọ́bọ̀ nítorí pé ó ṣì ń dúró nídìí ẹ̀rọ, kí ọ̀rọ̀ LASODA sì wà lọ́wọ́ bí àtẹ́lẹwọ́ tó kù ṣe lè di nǹkan mú sí. Ìwé dókítà kan ṣoṣo kò lè ṣe iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ti NSITF gbọ́dọ̀ ní ọjọ́, ibi àti ohun tó gé e. Ti owó ìfẹ̀yìntì gbọ́dọ̀ dárúkọ iṣẹ́ tí kò lè ṣe mọ́. Ti àkàndá ẹ̀dá gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ọwọ́ náà kò ní lè ṣe àti pé yóò pẹ́. Èyí tó kàn sọ pé "ó nílò ìsinmi" kò ní gbé e kọjá ẹnu ọ̀nà kankan nínú wọn.