“Kóòdù tó ń ṣiṣẹ́, má fọwọ́ kàn án”: ọ̀rọ̀ tó ti pa irinṣẹ́ rere

Láàárín àwa tí à ń kọ kóòdù, àwọn ọ̀gá pàápàá ń sọ ọ́: tí kóòdù bá ti ń ṣiṣẹ́, fi í sílẹ̀. Wọ́n ní kóòdù kì í kan bí ọbẹ̀, kì í dípẹtà bí irin. Òótọ́ ni, bí o bá ṣe fi fáìlì sílẹ̀ lónìí ni wàá bá a lọ́dún mẹ́wàá. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni kò ní dúró dè é.

Ẹ wo Epydoc. Edward Loper ló ṣe é, pé kó máa ka kóòdù tí a fi èdè Python kọ, kó sì máa fi àlàyé tó bá bá níbẹ̀ ṣe ìwé ìlò. Irinṣẹ́ tó dára ni. Ẹ̀dà 3.0.1 jáde lọ́dún 2008, ó sì dúró síbẹ̀. Ìparí ọdún yẹn náà ni Python 3 dé. Epydoc ò bá a lọ, orí Python 2 ló dúró sí. Nígbà tí Python 2 kógbá wọlé ní ọjọ́ kìíní oṣù Kínní 2020, ilẹ̀ tán lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ba kóòdù náà jẹ́. Wọn ò fọwọ́ kàn án ni. Ọdún 2008 yẹn náà ni Georg Brandl gbé Sphinx, irinṣẹ́ ìwé ìlò mìíràn, jáde. Sphinx ṣì ń bẹ láàyè, torí wọn ò yé tún un ṣe. Ní ẹ̀dà 2.0, ní 2019, ni wọ́n ti já Python 2 sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí tiẹ̀ tún kan irinṣẹ́ ìwé ìlò ju ètò mìíràn lọ, nítorí Python fúnra rẹ̀ ló ń bi léèrè: fọ́ńṣọ̀n yìí (apá kóòdù tó ń ṣe iṣẹ́ kan), kí ló ń gbà? Tẹ́lẹ̀, getargspec, àṣẹ kan nínú Python, la fi ń béèrè. Python 3.3 mú signature wá ní 2012, ó dáa jù ú lọ. Ní 2022, Python 3.11 yọ getargspec dànù.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ìdánwò, ìyẹn kóòdù tí à ń kọ láti fi yẹ kóòdù mìíràn wò. Ọ̀pọ̀ gbà pé tí ìdánwò bá ti yọ pupa, ìyẹn tó bá kùnà, kóòdù ló bàjẹ́. Kì í ṣe ìgbà gbogbo. Láti Python 3.13, àlàfo tó máa ń wà níwájú àwọn ìlà docstring (àlàyé tí à ń kọ sínú kóòdù) ni Python ń gé kúrò fúnra rẹ̀. Ìdánwò tó bá ń ka àlàfo yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan á kùnà, bẹ́ẹ̀ ìwé tí irinṣẹ́ náà ń ṣe kò yàtọ̀. Ẹni tó ń kánjú á da èsì tuntun kọ sínú ìdánwò. Tó bá sáré é lórí 3.12, á tún yọ pupa. Ohun tó yẹ ni kí ìdánwò fi inspect.cleandoc, àṣẹ Python tó ń gé àlàfo yẹn, tún ọ̀rọ̀ méjèèjì, èyí tí à ń retí àti èyí tó jáde, ṣe kó tó fi wọ́n wéra.

Tàbí ẹ wo assertEquals, àṣẹ tí ìdánwò fi ń wò bóyá nǹkan méjì dọ́gba, tí Python 3.12 yọ ní 2023. Láti 3.2, ní 2011, ni ìkìlọ̀ ti wà lórí rẹ̀. Ọdún méjìlá! Àmọ́ nígbà tí ìdánwò bá ti wọlé, ta ló ń ka ìkìlọ̀? Ó dùn mí, torí iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni àtúnṣe rẹ̀. Bí mo bá gba irú irinṣẹ́ báyìí tọ́jú, python -W error -m unittest, àṣẹ tó ń sáré àwọn ìdánwò, ni mo máa ń kọ́kọ́ lò. Gbogbo ìkìlọ̀ á di àṣìṣe lójú ẹsẹ̀, màá sì mọ ohun tí ẹ̀dà tó ń bọ̀ fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi kó tó dé.