Bí Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Tó Le Ṣe Ń Dúró Sínú Ọpọlọ Kí Ìdánwò JAMB Tó Dé

Nínú ìdánwò UTME tí àjọ JAMB ń ṣe fún àwọn tó fẹ́ wọ yunifásítì ní Nàìjíríà, ìbéèrè 60 ni ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ mẹ́ta yòókù sì ní 40 lọ́kọ̀ọ̀kan. Wákàtí 2 péré ni a fi ń dáhùn gbogbo 180 náà, ìyẹn ìṣẹ́jú-àáyá 40 fún ìbéèrè kan. Kò sí àyè láti máa wá ọ̀rọ̀ kiri nínú ọpọlọ.

Inú gbólóhùn ni wọ́n sábà máa ń fi ọ̀rọ̀ sí, tí wọ́n á ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mú èyí tó sún mọ́ ọn tàbí òdìkejì rẹ̀. Pańpẹ́ wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá béèrè òdìkejì "candid", tí wọ́n sì kọ "frank", "evasive", "angry" àti "brief" sílẹ̀, "frank" ni ẹni tó ń kánjú yóò mú, nítorí òun ló há mọ́ "candid". Bẹ́ẹ̀ "evasive", ìwà ẹni tí kì í sọ ojú abẹ níkòó, ni ìdáhùn. Bákan náà, owó kì í tètè jáde lọ́wọ́ ẹni tó jẹ́ "frugal" tàbí "stingy", ṣùgbọ́n ọ̀kan mọ owó ṣọ́ ná, èkejì láhun. Gbólóhùn ló ń fi irú ìyàtọ̀ yìí hàn, òun ló sì yẹ kí a kọ́ ọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹni tó gbọ́ Yorùbá ti mọ ọgbọ́n kan tẹ́lẹ̀: a fi "àì" ṣáájú "mọ̀", ó di "àìmọ̀". Gẹ̀ẹ́sì náà ń fi "in-" ṣe é, àmọ́ ìró tó tẹ̀ lé e máa ń yí i padà, ó di "im-" nínú "impartial", "il-" nínú "illegible", "ir-" nínú "irreparable". Kí a ṣọ́ra sá o: "invaluable" kì í ṣe ohun tí kò níye lórí, ohun tí iye rẹ̀ kọjá ṣíṣírò ni.

Ní 1885, Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì, tẹ àbájáde ìwádìí tó fi ara rẹ̀ ṣe jáde: wákàtí àkọ́kọ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ni ìgbàgbé ń yára jù. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ sí ojú páálí kékeré kan, tí gbólóhùn àti ìtumọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, tí a sì ń padà yẹ̀ ẹ́ wò léraléra. Èyí tí a bá rántí kó tó di pé a yí i padà yóò bọ́ sínú àpótí tí yóò pẹ́ kí a tó ṣí; èyí tí a bá gbàgbé yóò padà sínú àpótí tí a ń ṣí lójoojúmọ́.